Ohùn Tí Mo Gbọ́ Létí Ara Mi

Ọdún tí mo parí yunifásítì ni ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde pinnu láti gba orin ìkórè sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìjọ tó wà ní òdìkejì títì ti ṣe tiwọn lọ́dún tó ṣáájú. Kò sí ìdí mìíràn tí a fi fẹ́ ṣe tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Fún Ògo Ọlọ́run" la kọ sára páálí rẹ̀.

Ẹsẹ kẹta orin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ni wọ́n fún. Mo rò pé ohùn mi ni wọ́n wò. Ìyá mi ló ra aṣọ tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ń wọ̀, ó sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Ibefun pé wọn yóò gbọ́ ọmọ òun nínú ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ń dun Màmá nígbà náà, kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù tó lè fi gbọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní girama, tí a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló ń gba ohùn sílẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Èkó, ó sì gbé mísà kan dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ohùn, tí bọ́tìnì rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè béèrè ìdí rẹ̀ lọ.

Ó fi hẹ́dífóònù bò mí létí. Mo kọ ìlà kan, ohùn mi sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já. Mo dúró dè é, òun náà dúró dè mí. Orin di ọ̀rọ̀ akólòlò.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Orí tépù lo ti ń gbọ́ ara rẹ. Irin kan ń kọ ohùn sórí tépù, irin kejì ń kà á. Kí tépù tó rìn dé ọ̀dọ̀ ìkejì, o ti kọjá lọ."

"Ṣé dandan ni kí n dúró de tépù ni?"

"Rárá. Mo lè gba ohùn rẹ láti ẹnu máìkì, kí mísà dá a padà sí ọ létí lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ ohun tó ń wọlé lo máa máa gbọ́, kì í ṣe ohun tó wà lórí tépù."

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn," ni mo dáhùn, bí ẹni tó gboyè nínú rẹ̀. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì.

Ó yí bọ́tìnì kan. Lójijì ohùn mi dé etí mi bí mo ṣe ń la ẹnu, ó sún mọ́ mi, ó dùn. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ọ̀gá akọrin, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, mi orí.

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì," ni wọ́n wí, "ta ló lè bá yín du nǹkan?"

Wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi náà wò wọ́n. Mo rò pé ohùn mi ló yà wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹsẹ kẹta dé. Ohùn tó jáde mọ́ bí omi kànga. Kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ni, láti girama ni mo ti mọ bó ṣe máa ń gbé ohùn ròkè.

Màmá di ojú. "Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé ohùn rẹ dùn tó báyìí."

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́. "Ohùn mi dà?"

Kò gbé ojú sókè. "Ọ̀gá akọrin ló ní kí n má jẹ́ kó dé orí tépù. Wọ́n ní ta ló fẹ́ lọ sọ fún ìyá tó ra aṣọ sí wa lọ́rùn pé ọmọ wọn ò mọ orin kọ? Ọjọ́ kejì ni mo kọ tèmi."

"Ìwọ ò sì lè sọ fún mi?"

"Ṣebí ìwọ lo ní o ò fẹ́ gbọ́ tépù."

Ọjọ́ Ìsinmi, ó wá kí Màmá bó ṣe máa ń ṣe. Màmá bu ìkọ́kọrẹ́ fún un. Àwọn ará Ibefun ti jókòó yí ẹ̀rọ ká.

Màmá bi í pé, "Ìwọ lo gbà á sílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ yín ló tún ohùn ọmọ mi ṣe, àbí bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí.

"Bó ṣe rí nìyẹn, Mà."

"Kó kọ ọ́ fún wa lójúkojú," ni ẹ̀gbọ́n Màmá wí. "Ká rí ẹnu tó ti ń jáde."

Màmá na ọwọ́ sí mi kí n dìde, ojú rẹ̀ ń dán. Ọ̀rẹ́ mi ti sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tan kásẹ́ẹ̀tì, ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè, ó ní kí n máa kọ ọ́ tẹ̀lé e. Mo dìde. Mo ń mi ètè lábẹ́ ohùn rẹ̀ tó ń jáde nínú ẹ̀rọ, òun náà ń wo ẹnu mi bó ṣe wò ó lọ́jọ́ tó wà nídìí mísà. Ètè mi kò gbẹ́yìn ohùn rẹ̀, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.