Gẹ̀ẹ́sì Orí Pápá

Ohùn àwọn ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi létí nígbàkigbà tí mo bá rántí ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe tíṣà ní Ayégbajú-Èkìtì. Ọmọ méjìdínlógójì ní kíláàsì kẹta, gbogbo wọn á lahùn pọ̀. Bí mo bá nàka sí ilẹ̀kùn tí mo ní, "This is a door," wọ́n á gbà á lẹ́nu mi, wọ́n á sì fà á gùn bí orin ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi a máa dùn. Mo ti ń rò ó pé kí táàmù náà tó parí, wọ́n á ti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi gan-an lọ. Àfi lọ́jọ́ kan tí ariwo wọn pọ̀ jù, tí mo jágbe pé kí wọ́n dákẹ́: "Keep quiet!" Gbogbo kíláàsì sì gbè é lẹ́ẹ̀kan náà: "Keep quiet!" Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ohun tí mo ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò yé ẹnì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ọmọ kan ń pàṣẹ, àwọn yòókù ń sá, wọ́n ń fò, wọ́n ń dì mọ́ igi. Kò sí ẹni tó ń túmọ̀ nǹkan kan fún wọn. Mo wá bi ara mi pé kí ló dè mí mọ́ inú yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó wọn jáde sí pápá. Mo ní, "Run!" èmi fúnra mi sì ki eré mọ́lẹ̀ nínú síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo ní, "Stop!" mo dúró gbagidi. Mo ní, "Jump!" mo fò, bàtà mi kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Láìpẹ́ ó di eré gidi: ẹnì kan á dúró láàrin, á máa pàṣẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣì í ṣe á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí kì í sọ̀rọ̀. Èkó ni bàbá àti ìyá rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Ó mọ̀ ọ́n sá, ó mọ̀ ọ́n fò, ṣùgbọ́n bó bá kàn án láti pàṣẹ, á kàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ẹlòmíì á fi gba ipò náà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, màmá àgbà yìí wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ pupa ti bà á jẹ́, etí aṣọ náà sì ti ya. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Ulé-ùwé ni mo rán ọmọ mi wá," ni màmá wí, wọn ò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Eré wà ní ulé."

Wọ́n ní àwọn òbí ọmọ náà ti sọ pé kó tó wá bá àwọn ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ti dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ eré là ń kọ́ ọ, àwọn á mú un lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Ìfàkì. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ti ń fura sí pápá mi tẹ́lẹ̀, ní kí màmá wá wò ó fúnra wọn. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n kó àwọn ọmọ padà sínú yàrá.

A jáde sí pápá, a sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì pàṣẹ, ó lọ déédéé. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ yòókù ti ti ọmọbìnrin náà sáàrin. Gbogbo wa dúró dè é. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó pẹ́ títí tí màmá fi ká aṣọ náà sábẹ́ apá, tí wọ́n gba àárín pápá kọjá láti wá fà á lọ́wọ́ lọ. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí wọn.

"Stop," ló wí.

Màmá dúró. N kò rò pé wọ́n gbọ́ ohun tó sọ. Mo rò pé bó ṣe sọ ọ́ ló yà wọ́n lẹ́nu.

"Mama, sit down, please."

Màmá bi ọmọ tó sún mọ́ wọn jù pé kí ló sọ.

"Ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ jókòó, màmá."

Wọ́n wo ọmọ ọmọ wọn, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ṣu ìró wọn jọ, wọ́n sì jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa náà. Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu wọn. "Kí ló tún kù tí mo máa ṣe?" Ọmọ náà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan imú, wọ́n fọwọ́ kan imú. Kí a tó dáwọ́ dúró, ọ̀gá wa náà ti ń fò pẹ̀lú wa.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ìdó-Èkìtì ni mo ti ń ṣe tíṣà. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yẹ́, ọmọge kan sì kí mi láti ẹ̀yìn. Òun ni, ó ń lọ sí yunifásítì. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Èdè ilé wa ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kankan ò wọ̀ ọ́: ó sọ ti Èkó, ti màmá tó ṣì ń lọ sóko kòkó, ti ọkọ tí òun ò tíì fẹ́ ní. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé èdè òyìnbó nìkan ni mo kó lọ sí pápá lọ́dún náà. N kò sọ ìyẹn fún un. Kò fún mi láyè láti sọ ọ́; títí a fi dé Ọ̀yẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sinmi.