Ọmọ Tí Mo Ní Ó Ń Kọrin

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, tí mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi nínú ẹbí wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìjan, ìyá ìyàwó náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sì wá bá wọn wẹ ọmọ. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá dá ọwọ́ ìwẹ̀ dúró.

“Nọ́ọ̀sì, wá wo ìhà ọmọ yìí. Ó ń wọlé. Ó sì ń kérora.”

Lóòótọ́ ni ọmọ náà ń ṣe “ùn, ùn” bó ṣe ń mí. Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, orin ló ń kọ. Akọrin lẹ bí fún wa.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kí n tètè lọ dá aṣọ akọrin fún un nìyẹn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Màmá.

“Ọmọ mẹ́jọ ni mo ti fi ọwọ́ yìí wẹ̀. Kò sí èyí tó kọ irú orin yìí.”

Kí n lè pa á lẹ́nu mọ́, mo wo aago ọwọ́ mi. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí á ṣí àyà ọmọ tuntun, kí á ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, torí ó lè yára mí, kó tún sinmi díẹ̀. Èmi kà á láti orí aṣọ, fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Mo ní kò sí nǹkan.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Màmá kò bá mi jiyàn. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó bọ́ sí títì, ó wá ọkọ̀ Adó. Mo tẹ̀lé e, mo ń ráhùn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ṣí aṣọ, ó ka èémí náà fún odidi ìṣẹ́jú kan: ó lé ní ọgọ́rin, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ọgọ́ta. Àìsàn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú kíá. Ó ní bí a bá dúró di ọjọ́ kejì, ọmọ ì bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó béèrè ẹni tó tètè fura. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti bá wa níbẹ̀, tó sì rò pé èmi ni mo ní kí á gbé ọmọ wá, nawọ́ sí mi: “Àbúrò mi ni, nọ́ọ̀sì ni.” Màmá wò mí. Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, wọ́n pè mí síwájú ìjọ bí ẹni tí Ọlọ́run lò. Mo jáde, mo kúnlẹ̀.

Màmá ti lọ sinmi báyìí. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ pé kò fi ìwà mi gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó máa ń wá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gba ẹ̀mí òun là, èmi a sì fọwọ́ kàn án lórí, mà á ní kó dìde.