Kòtò Amọ̀ Àwáwù

Ní abúlé kan lápá ìlú Kíkà, lẹ́sẹ̀ òkè, kò sí ilé tí kò ní ìkòkò Àwáwù. Èyí tí wọ́n fi ń pọn omi, tirẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n fi ń se iṣu, tirẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa amọ̀ nínú kòtò kan ṣoṣo, lẹ́yìn ilé Baálẹ̀, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Sàlíù ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ fún un lọ́dún tó gbé e níyàwó, torí kò fẹ́ kó máa ru amọ̀ bọ̀ láti etí odò tó jìnnà.

Sàlíù ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri kòtò náà, ìlà mẹ́rin gbọọrọ. Àwáwù kì í wa amọ̀ níbẹ̀. Láràárọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ kàn án, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ìmórù," kó tó gbé agbọ̀n sílẹ̀.

Lọ́dún tí òjò pọ̀ yẹn, apá kan òkè náà ya lulẹ̀, ó bo àká iṣu mẹ́ta mọ́lẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, alihamudulilahi. Kàrímù Baálẹ̀, àbúrò Sàlíù, ní kí gbogbo agbo ilé kó jọ sábẹ́ igi igbá lẹ́yìn ìrun àláásárì, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn àgbà kan yínmú: kí lobìnrin mọ̀ nípa òkè?

Baálẹ̀ ní, "Ta ní ń ṣẹ́gi ìdáná lórí òkè yẹn? Ẹ̀yin ni?"

Àwọn àgbà náà sún, àwọn obìnrin jókòó.

Ùmárù, ọ̀dọ́kùnrin alágbára kan, fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká mọ odi òkúta sí ẹsẹ̀ òkè, ó parí!"

"Ogójì ọkùnrin, oṣù méjì, lásìkò ebè," Baálẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣé òkúta la ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ògiri ilé ìyàwó rẹ̀ tó wó látẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì mọ ọ́n!" Ẹ̀rín sọ.

Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kó kúrò pátápátá. Ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kànga méjì, mọ́ṣáláṣí kan: ọdún méjì gbáko. Àwọn obìnrin wá sọ ohun tí wọ́n ti rí: àárín ebè tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè lomi ti ń dúró, ibẹ̀ ló sì ti ń rì wọlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ ebè síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì la yàrà sókè tí yóò darí omi gba ẹ̀gbẹ́. Ọ̀wẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Apá ká a.

"Kò sí nǹkan mìíràn tó ń ba òkè yìí jẹ́?" Baálẹ̀ bi wọ́n.

Àwáwù wolẹ̀. Agbọ̀n amọ̀ ọgbọ̀n ọdún, abẹ́ òkè náà ló ti wá. Kòtò rẹ̀ ti wọ inú lọ bí iyàrá. Ó dìde, ó gba ilé lọ láìsọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Rísíkátù, ìyàwó Ìmórù ọmọ rẹ̀, gbé ẹ̀kọ wá bá a ní kòtò, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ jáde wá jẹun. Ẹ ò gbọ́? Ó dáa, mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni erùpẹ̀ díẹ̀ jábọ́ sórí ọmọ, ọmọ sì sín. Àwáwù gbójú sókè. Lókè ojú ọkọ́ Sàlíù, ilẹ̀ ti sán débi tí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́, omi ń sun níbẹ̀.

"Gòkè! Gòkè kíá!"

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Èmi ni."

Tamọ̀tamọ̀ lọ́wọ́ ló lọ bá Baálẹ̀. "Ọkọ mi, mi ò sọ̀rọ̀ tán lánàá. Kòtò mi ti jẹ abẹ́ òkè. Bí ẹ bá la yàrà mẹ́wàá, tẹ́ ẹ ò dí i, yóò wó."

Baálẹ̀ bá a lọ wò ó. Ó na ọrùn wo ibi tó sán náà. "Ìyàwó wa, oúnjẹ rẹ nìyí o."

"Mo mọ̀."

"Ojú ọkọ́ ẹ̀gbọ́n mi sì nìyẹn."

Àwáwù yíjú sí i. Kò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ bó o ṣe ń kí i," Baálẹ̀ ní.

Wọ́n tún pàdé. Òkúta tí yóò dí kòtò yóò gba ọjọ́ mẹ́fà sí i, lórí mẹ́sàn-án ti yàrà. "Ìnáwó tiwa nìyẹn," Baálẹ̀ sọ. "Ti Àwáwù ńkọ́? Odò ni amọ̀ kù sí."

Àwọn obìnrin ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa ru agbọ̀n méjì wá fún un lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ṣebí ìkòkò rẹ̀ làwọn ń lò.

"Èmi ni n ó kọ́kọ́ rù!" Ùmárù kígbe.

"Lórí ni, àbí lẹ́nu?" obìnrin ọjọ́ náà tún ké láti ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dí i, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ó fi ọkọ́ gé amọ̀ tí ìlà mẹ́rin náà wà lára rẹ̀, ó kó o sínú agbọ̀n, ó gbé e fún Àwáwù. Wọ́n wá da òkúta àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Àwáwù po amọ̀ náà mọ́ èyí táwọn obìnrin rù wá láti odò, ó fi mọ àmù ńlá kan, ó fi ìka fa ìlà mẹ́rin sí i lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n gbé e sí fún omi àlùwàlá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi gba inú yàrà lọ, òkè kò mira. Láàárọ̀ tó dá, Àwáwù dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó fọwọ́ kan ọrùn àmù náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ìmórù," ó wí, ó sì bu omi.