Kẹ́tù Bàbá Aláago

Ó ti tó oṣù márùn-ún tí Bàbá Aláago ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò, bí ẹni pé ó jí i gbé. Bó bá pàdé aládùúgbò lórí àtẹ̀gùn, orí ló ń mì sí i. Bó bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Irùngbọ̀n tó ti ń fá fúnra rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì ló ń gbé e lọ báyìí.

"Bàbá, ṣé abẹ yín ti kú ni?" onígbàjámọ̀ bi í.

"Ó ti kú pátápátá," ni bàbá dáhùn. Irọ́ ńlá. Abẹ tó wà nílé rẹ̀ mú ju ẹnu onígbàjámọ̀ lọ, ẹ sì mọ bí ẹnu àwọn onígbàjámọ̀ ṣe ń mú.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n òtútù, kì í ṣe ti ebi. Á wà jẹ́ẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélógójì tún aago ṣe, tó ń fi ẹ̀mú mú irin wínníwínní tí kò tó ojú èèrà, òun ni síbí ń jó lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ojú ń tì í. Ẹ̀rù tún wá ń bà á ju ìtìjú lọ, torí ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i.

Ẹni náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí bàbá ti ń pè ní Ìyá Mi láti kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà wò. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ọkọ̀, á mú pẹ́ńsùlù dání, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní rẹ́rìn-ín, títí wọn yóò fi padà dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹni tó bá yege, á fún un níwèé. Ẹni tó bá já kulẹ̀, gbólóhùn kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ lọ múra sí i, kẹ́ ẹ tún padà wá." Má-rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Bàbá mọ̀, ó sì máa ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kó tó di pé ọ̀rọ̀ kan òun náà.

Kófì ló da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá ti ṣiṣẹ́, òfin ọ̀gá ni pé ẹni tó bá fẹnu kan kófì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aago, torí kófì a máa mú ọwọ́ gbọ̀n. Bàbá pa òfin náà mọ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fún un lẹ́bùn: àrọ tánganran kan, bébà asẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sínú àrọ náà, àti kẹ́tù ọlọ́rùn gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá sẹ́ ife kófì àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì pariwo: "Háà! Ṣé ohun tí ẹ̀yin aráyé ń mu látọjọ́ yìí nìyí?"

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kófì ni. Á lọ̀ ọ́ títí yóò fi dà bí iyanrìn odò. Á fi omi gbígbóná ṣan bébà, á sì da omi ìṣàn náà nù, kí kófì má baà máa rùn bí ìwé. Á wọn kófì, ogún gíráàmù, kò lé, kò dín. Á kọ́kọ́ ta omi díẹ̀ sí i, á wá dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Kófì á wú, á máa hó. "Ó ń mí," ni bàbá máa ń wí. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da omi láti àárín, tí yóò máa yí i jáde díẹ̀díẹ̀, bí irin tó ká jọ nínú ikùn aago. Bí omi bá yára jù, kófì á kan. Bó bá falẹ̀ jù, á korò. Ọwọ́ tó balẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọwọ́ tí kò balẹ̀ mọ́ ló da omi gbígbóná sórí ọwọ́ òsì lóṣù tó kọjá. Ìyá Mi wá kí i, ó bá báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo báńdéèjì, ó wo kẹ́tù. Bàbá ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Nígbà tí Ìyá Mi padà wá, ó ní òun àti ọkọ òun ti kun yàrá ẹ̀yìn nílé àwọn, àwọn ti gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

"N ò lọ síbì kankan," ni bàbá wí.

"Bàbá mi, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà..."

"Èmi kì í ṣe òkété!"

Ìyá Mi mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sẹ́ kófì níṣojú mi. Bí omi kankan ò bá kán síta, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Bó bá kán, ẹ ó di ẹrù yín."

"Mo gbà," ni bàbá wí, kí ẹ̀rù tó ráyè bò ó lẹ́nu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Wọn yóò kẹ́ ẹ bí ẹyin, ìkẹ́ náà gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Aago mẹ́tàlá ló wà lára ògiri pálọ̀ bàbá, gbogbo wọn ló ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ọkọ Ìyá Mi sì rèé, bí ẹ̀fọn bá rìn kọjá, oorun rẹ̀ ti dá. Inú páálí ni gbogbo aago yẹn máa sùn. Bàbá fúnra rẹ̀ á wá di àlejò tó ń béèrè ibi tí wọ́n ń kó síbí sí.

Nítorí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Òfin ọ̀gá àtijọ́ padà wá sí i lọ́kàn: kófì a máa mú ọwọ́ gbọ̀n. Ó ṣíwọ́ kófì mímu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi tútù ló ń rọ sínú kẹ́tù, kó má baà tún bó ara rẹ̀. Á tẹ́ bébà sínú àrọ, á ṣàn án, á da omi ìṣàn nù, á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí tábìlì gẹ́gẹ́ bí àwọn aláago ti ń ṣe, á mí síta, á sé èémí mọ́nú, á wá máa da omi sínú àrọ òfìfo. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, léraléra. Bébà tó bá lò, á sá a sórí okùn tó ta sílé ìdáná. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdajì omi ló ń dà sí tábìlì. Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè, ẹ̀kán omi kan péré ló bọ́ síta. Lọ́jọ́ Fúráìdè, kò sí ìkankan. Síbẹ̀ oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, á sáré ki ọwọ́ bọ àpò.

Sátidé pé. Ìyá Mi dé pẹ̀lú páálí òfìfo méjì, ó gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rí páálí, ó gbójú kúrò níbẹ̀. Wọ́n wọ ilé ìdáná. Ìyá Mi gbójú sókè fìrí, ó tún gbé e wálẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Ó wá mú pẹ́ńsùlù jáde nínú báàgì, bó ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ máa bá a lọ, Bàbá."

Omi ti hó. Bàbá ti lọ kófì sílẹ̀ láti òwúrọ̀, ó wà nínú ẹ̀rọ ìlọkófì létí ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ bébà. Ó ṣàn án, ó da omi ìṣàn nù. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí tábìlì. Nínú pálọ̀, aago mẹ́tàlá ń dún, ó sì ń ṣe bàbá bíi pé òun ni gbogbo wọn ń kà. Ó mí síta. Ó sé èémí. Ó ta omi àkọ́kọ́, ó gbójú sí aago fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń yí i jáde, ó ń yí i jáde. Ọwọ́ ò gbọ̀n. Ẹ̀kán omi kan ò bọ́ síta. Ó gbé kẹ́tù kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

Ó wo Ìyá Mi. Ìyá Mi kò wò ó. Jọ́ọ̀gì dígí tó wà lábẹ́ àrọ ló ń wò.

Bàbá náà wò ó. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Òdòdó tí wọ́n yà sára aṣọ tábìlì hàn láti ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ewé rẹ̀.

Kófì ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Bàbá ń wá ohun tó máa sọ. Bó bá ní òun gbàgbé, ọ̀rọ̀ ti di ti ọpọlọ nìyẹn. Ẹni tó gbàgbé kófì lónìí lè gbàgbé iná lórí sítóòfù lọ́la. Bó bá ní bí òun ṣe ń dánra wò lòun ṣe é, ìyẹn ni pé ọwọ́ ń gbọ̀n. Iná níwájú, iná lẹ́yìn. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Omi gbígbóná dára fún ara," ó ní.

Má-rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi náà sínú ife, ó mu ún díẹ̀. "Ó gbóná dáadáa," ó ní. "Bàbá, bébà mélòó ló wà lórí okùn yẹn?"

Bàbá kò wòkè, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Kò sí àbàwọ́n kófì lára ìkankan."

Bàbá yọ ọwọ́ ọ̀tún lápò, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ọmọ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Síbí tó wà nínú ife bẹ̀rẹ̀ sí í dún wínrín-wínrín.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù márùn-ún."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ tó jẹ́ pé pẹ́ńsùlù lo máa kọ́kọ́ mú?"

Ìyá Mi wo pẹ́ńsùlù náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló fi í sí òun lọ́wọ́. Ó rọra fi í sórí tábìlì. "Ẹ tún un ṣe," ó ní. "Ẹ fi kófì ṣe é báyìí."

Bàbá da kófì sínú bébà tuntun. Omi àkọ́kọ́ kàn án, kófì wú, òórùn tí kò gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan gbòde, gbogbo ọgbọ́n sísé èémí sì bá a lọ. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Omi ń ta sétí àrọ, ó ń ta sórí aṣọ tábìlì, ó ku díẹ̀ báyìí kó tún ba báńdéèjì. Ìyá Mi di àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tó parí, wọ́n pín ohun tó kù nínú jọ́ọ̀gì, ife kọ̀ọ̀kan kò kún ìdajì. Ó dùn. Ó dùn débi pé ó dun bàbá.

Ìyá Mi gbé ife kalẹ̀. "Bàbá mi," ó bẹ̀rẹ̀, bàbá sì mọ ohùn náà.

Kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó dìde, ó da omi tó kù nínú kẹ́tù nù, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sínú páálí kan, ó sì pa páálí náà dé.

"Gbé e lọ. Òun ló bó mi, ilé yìí ò bó mi rí. Gbé kẹ́tù lọ, kó o fi ilé sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Mi dúró ti páálí náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ta ló wá máa sẹ́ kófì fún yín?"

"Ṣé ọ̀nà ibiṣẹ́ ẹ ò gba títì yìí kọjá ni?"

Ó fa imú. Ó mú páálí kejì, èyí tó ṣófo, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. "Aago méje," ó ní. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni bàbá ti lọ kófì. Ó dà á sínú bébà, ó wò ó bóyá ó wà níbẹ̀, ó tún wò ó, ó tún wò ó. Aago méje lù, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ara ògiri fi lù tán. Kò sí ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó tún yọ ọ́. Ìyá Mi ti yí èrò padà, ọkàn rẹ̀ wí fún un. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdérí kẹ́tù ló kọ́kọ́ gbọ́, tó ń lu ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá Mi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kẹ́tù wà nínú báàgì ibiṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé e kaná. Bàbá jókòó sórí àga tí Ìyá Mi jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé. Pẹ́ńsùlù náà ṣì wà lórí tábìlì. Bàbá mú un, kò sọ̀rọ̀. Omi hó. Ìyá Mi da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wùú, kò dúró kí kófì mí, omi ṣàn kọjá etí bébà, ó kán sórí aṣọ tábìlì.

Bàbá tọ́ kófì náà wò. Ó kan bí ọtí kíkan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ife ń gbọ̀n, kò sì fi ìkankan pamọ́.

"Ṣé mo yege?" Ìyá Mi bi í.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Lọ múra sí i, kó o tún padà wá lọ́la."