Ọsàn Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń fún lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: a óò bọ̀ ọ́, a óò fún un títí, a óò da omi rẹ̀ nù. Àbúrò ìyá mi ló pè láti Wásinmi. Ó ní kí n má fòyà, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì já mi láyà. Ìyá mi ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde láàárín eyín rẹ̀.

Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a wọ mọ́tò Wásinmi ní gáréèjì Kútò.

Ọsàn ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti já bọ́ kún ìdí igi, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ìyá mi kì í mu ún mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ní ó ní ọgbẹ́ inú. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ti kan, ọsàn ni o, tòmátì ni o, á máa ta sójú ọgbẹ́ náà. Ló bá kó gbogbo rẹ̀ tì, ó fara mọ́ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí kò lata. Èmi náà a máa yìn ín pé ó mọ ẹnu rẹ̀ í kó níjàánu.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba. Obìnrin kan nínú agbo ilé ní ẹnì kan ló fi nǹkan sójú ọ̀nà dè é.

Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ ò wádìí ẹnì kankan. Ohun tó ń jẹ ló bi í, ó sì wo inú ẹnu rẹ̀. Ó ní sikọ́fì lorúkọ àìsàn náà, fítámì C ló ti tán lára rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹran ara dira mú, kí ojú ọgbẹ́ sì jiná. Ara èèyàn ò lè ṣe é fúnra rẹ̀, ẹnu la fi ń gbà á, nínú èso àti ewé. Iná ń pa á, omi tí a bá dà nù sì ń gbé e lọ. Ọkàn mi lọ sórí ẹ̀fọ́ tí mo fún sílẹ̀. Ó ní ká ní a béèrè ni, èso tí kò kan, tí ọgbẹ́ inú ò sì kọ̀, pọ̀, títí kan ọsàn tó bá ti pọ́n dáadáa tó dùn. Mo ní ewúrẹ́ ló ń jẹ ọsàn wa nílé. Ó ní ewúrẹ́ ní tirẹ̀ ń ṣe fítámì yìí sínú ara.

Ìyá mi ní, "Dókítà, ṣé ewúrẹ́ tí ò nílò ẹ̀ ló wá ń jẹ tèmi?"

A rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún pẹ̀lú.

Oògùn àti èso dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n eyín iwájú ti bọ́ lọ ná. Ìyá mi tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti ń toko bọ̀, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu báyìí. Ohun tí ì bá gba eyín yẹn là ló ń jẹrà lẹ́yìn ilé, ojú gbogbo wa sì ń rí i.

Ọmọ mi bi mí bóyá ìyá àgbà ń bínú sí òun ni tí wọn ò fi rẹ́rìn-ín sí òun mọ́.

Mo ní, "Rárá o. Eyín tó bọ́ ló ń tì wọ́n lójú. Mú ọsàn yìí lọ bá wọn, kí ẹ jọ mu ún. Kí o wá sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín nílé ìwé fún wọn. Tí ẹ̀rín bá ti dùn dáadáa, wọ́n á gbàgbé ọwọ́ yẹn."