Ìlú Tí Mo Fò

Ní òwúrọ̀ tí a gbọ́ pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, èmi ni iṣẹ́ kàn ní ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Kétu. Èmi ni mo máa ń sọ ìròyìn tó bá wọlé lédè Faransé di Yorùbá, tí mo sì ń kà á fún àwọn ará oko. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti gba àríwá, ìlà-oòrùn àti gúúsù wọlé. Mo pe ọkọ̀ wọn ní ọkọ̀ ogun onírin. Àgbẹ̀ kan pè wá láti abúlé Okpomèta, ó ní ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà àwọn kọjá nígbà òjò. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ìlú ká, mo ní wọ́n ti dó tì wọ́n. Àwọn àgbà Kétu kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ogun ti dó ti ìlú tiwa náà rí, títí ebi fi mú àwọn baba wa.

Ìyá Síkírù ń yan gàrí ní abúlé Idigny. Síkírù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní ìlú Kharkiv ní Ukraine, a kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ agbada gàrí ni ìyá náà ń gbé rédíò sí.

"Tí o bá ti ní wọ́n ṣì ń jà níbẹ̀, mo lè jẹun," ló sọ fún mi lọ́jọ́ ọjà. "Ìlú tó ń jà, èèyàn ń bẹ nínú ẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé bọ́ǹbù ti wó ilé ní Kharkiv, akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì sì wà lára àwọn tó kú. Bàbá Láwànì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kà á tán, ó dá a padà fún mi.

"A kì í fi rédíò túfọ̀ fún abiyamọ," ló wí.

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ló ń lọ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọn á mú un jókòó, wọn á bu omi fún un, kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo fo Kharkiv, mo ka ti Kyiv, mo sì bọ́ sórí iye tí wọ́n ń ta àgbàdo.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Ìyá Síkírù fi sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù níwájú ilé-iṣẹ́ wa. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Múfú, o fo ìlú ọmọ mi."

"Ìyá, ìròyìn ò kàn án lónìí ni."

"Ojoojúmọ́ lo ń pè é. Kí ló dé lónìí?"

Bàbá Láwànì ti gbé àga wá, ó sì ti bu omi. Ìyá náà wo omi yẹn. Ó jókòó, ó gba omi náà, kò mu ún.

"Kà á."

Mo kà á.

"Wọ́n dárúkọ Síkírù?"

"Rárá, Ìyá. Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan."

Ó gbé omi náà sílẹ̀. "Kà á lórí rédíò lọ́la. Má fò ó mọ́. Ìgbà tí o dákẹ́ yẹn ni ọmọ mi kú lójú tèmi."

Síkírù kò tíì pè títí di òní. Ogun kò tíì parí, èmi náà ṣì ń ka ìròyìn. Mo máa ń dárúkọ Kharkiv, kódà lọ́jọ́ tí kò sí ohun kan láti sọ nípa rẹ̀.