Ọkùnrin Tó Ṣẹ Olórin

Ọgbọ̀n ọdún ni Púlọ́mbà fi ṣe ọkọ olórin láìgbọ́ orin ìyàwó rẹ̀ lójú agbo rí. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ o. Ọ̀sán Sátidé ni obìnrin náà máa ń kọrin ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀sán Sátidé náà sì ni páìpù àwọn èèyàn máa ń bẹ́. Nílé ńkọ́? Kì í kọ rárá, ó ní ọ̀fun òun ń sinmi.

Nígbà tí eékún sọ fún Púlọ́mbà pé ó tó gẹ́ẹ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ aṣọ kóòtù, ó lọ jókòó sí ìlà kẹta ní gbọ̀ngàn náà lọ́sàn-án Sátidé kan.

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ẹni tó ti bá a jà láàárọ̀ nítorí bàtà tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́ kan, ti obìnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ lọ tí kò padà. Kò pariwo. Ṣe ló ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi téèyàn rò pé á ti gbé ohùn sókè, ibẹ̀ ló ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Agbáwo òtẹ́ẹ̀lì dúró gbagidi, ife tíì ń tútù lọ́wọ́ ẹ̀. Omijé ń dà lójú Púlọ́mbà, ẹni tí kò sunkún lọ́jọ́ tí irin já lé e lẹ́sẹ̀.

Ìyá arúgbó tó jókòó tì í fa imú. "Ẹni tó fojú ọmọ yìí rí màbo, kò ní rójú ire."

"Àmín, Màmá."

"Ṣé o mọ ẹni tó ṣe é ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Èmi ni ọkọ olórin náà."

Màmá wò ó tòkè-tilẹ̀, ló bá fi báàgì gbá a léjìká.

Nígbà tí wọ́n délé, Púlọ́mbà ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ni?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Ta ni kí ni?"

"Ẹni tó já ẹ sílẹ̀. Irú orin yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́ nínú ìwé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó mí délẹ̀, ó ní: "Bàbá àwọn ọmọ, lọ́dún tá a fẹ́ra, ẹ lọ ṣe páìpù ilé ìwé kan. Ọjọ́ méjì lẹ ní ẹ máa lò."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò."

"Ẹ ò kọ lẹ́tà, ẹ ò ránṣẹ́. Ojú fèrèsé ni mo wà lójoojúmọ́. Tí mo bá fẹ́ kọ orin yẹn, ojú fèrèsé yẹn ni mo máa ń padà sí."

Púlọ́mbà yanu láti ṣàlàyé pé pọ́ǹpù ló dẹnu kọlẹ̀. Ó tún pa ẹnu dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ẹ dìde jàre! Tí ẹ bá bẹ̀ mí tí inú mi yọ́ pátápátá, kí ni mo máa fi kọrin ní Sátidé?"